Èèpo ọsàn àti èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó: kí la lè yọ lára wọn ká tó dà wọ́n nù?

OlomiEso_Bodija

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Bódìjà, n'Íbàdàn. À ń fún omi ọsàn àti omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sínú ìgò, à ń tà á fún àwọn ilé oúnjẹ àti àwọn tó ń ṣe ìnáwó. Látìgbà tí ọsàn Benue ti ń wọlé dáadáa ni mi ò ti mọ ibi tí mo lè kó èèpo sí mọ́. Bí mo bá ra ọsàn, bí ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ ló ń di èèpo, awọ inú àti kóró. Àwọn akólẹ̀ ń gbowó lọ́wọ́ mi kí wọ́n tó gbé e, ẹ̀fọn àti eṣinṣin kò sì gba owó, wọ́n kàn ń wá.

Mo gbọ́ pé òróró wà lára èèpo ọsàn. Mo tún gbọ́ pé pẹ́kítìn tí wọ́n fi ń mú jáàmù dì wà níbẹ̀. Ẹnì kan sì sọ fún mi pé nǹkan kan wà nínú èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó ń mú ẹran líle rọ̀. Èwo ló jẹ́ òótọ́ níbẹ̀? Èwo ni mo lè ṣe láìra ẹ̀rọ olówó gọbọi, tí mi ò sì ní da kẹ́míkà sínú gọ́tà àdúgbò? Ẹ dákun, ẹni tó bá ti fọwọ́ ara rẹ̀ kàn án ni kó dá mi lóhùn.

Olosin_Ewure

Ẹ jẹ́ n máa wá kó o fún ewúrẹ́. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

KemisiriLasan

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Òótọ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmọ́ ọ̀nà wọn ò papọ̀.

Ẹ mú èèpo ọsàn kan dání kí ẹ wò ó dáadáa. Ara rẹ̀ lóde, tó ní àwọ̀ ewé tàbí àwọ̀ òféèfèé, kún fún àpò òróró wíńníwínní. Òun ló máa ń ta sí èèyàn lójú bí a bá ká èèpo náà kò. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá òróró yẹn ló jẹ́ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní limonene. Apá funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni pẹ́kítìn wà. Bí èèpo bá gbẹ dáadáa, gíráàmù 20 sí 30 nínú gbogbo 100 lè jẹ́ pẹ́kítìn.

Òróró ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ se èèpo nítorí pẹ́kítìn, òróró á ti bá oru lọ sínú afẹ́fẹ́, òórùn dídùn nìkan ni yóò jẹ lérè. Ẹni tó bá sì da èèpo tí òróró rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ sínú kòtò gáàsì ìgbẹ́ màlúù, limonene á dá àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe gáàsì náà lọ́wọ́ kọ́, gáàsì ò sì ní wá bó ṣe yẹ. Bí òróró bá ti kúrò, iṣẹ́ yòókù á rọrùn.

Bí ẹ ṣe máa yọ ọ́ nìyí. Bí limonene bá dá wà, ó di 176°C kó tó hó. Ṣùgbọ́n bí oru omi bá gba àárín èèpo kọjá, àwọn méjèèjì á jọ gòkè kí ooru tó pé 100°C. Bí oru yẹn bá tutù, á padà di omi, òróró á sì lé sórí omi torí pé ó fúyẹ́ jù ú lọ, wọn kì í sì í pò. Omi nìkan, kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀. Ẹ kàn má retí púpọ̀: kílò kan èèpo tútù, gíráàmù 3 sí 5 ni, bí ọwọ́ yín bá mọ́.

OmoIlaje

Ẹ̀gbọ́n Kẹ́mísírì, ṣebí ògógóró lẹ ń pọn yìí! Ohun tí wọ́n ń ṣe nílé wa kí wọ́n tó bí mi nìyẹn. Dúrọ́ọ̀mù á wà lórí iná, páìpù á jáde lórí rẹ̀, á gba inú omi tútù kọjá, ọtí á máa kán sínú ìgò. Bí ìyá wa bá mú ẹni tó mọ dúrọ́ọ̀mù ọtí í ṣe, iṣẹ́ ti dé ìdajì.

Ẹ jẹ́ n fi díẹ̀ kún un. Ẹ má lo dúrọ́ọ̀mù tí kẹ́míkà ti wà nínú rẹ̀ rí, bó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà kankan fi rédíétọ̀ mọ́tò ṣe páìpù fún yín, òjé tí wọ́n fi jó o pọ̀ á wọnú òróró. Páìpù bàbà tàbí irin tí kì í dípata ni kí ẹ lò. Ẹ gbé èèpo sókè kúrò lójú omi, bí a ṣe ń to igi àti ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò mọ́ínmọ́ín, kí ó má jóná mọ́ ìdí.

KemisiriLasan

Ọ̀rọ̀ gidi. Ẹ fi iná náà kún un. Òróró ọsàn ń gbaná. Bó bá ti gbóná tó nǹkan bíi 48°C, iná kékeré lè ran oru rẹ̀. Torí náà, ìgò tó ń gba òróró kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ààrò, páìpù ni kó gùn. Bí omi tí páìpù ń gbà kọjá bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

IsiroOwo

Ẹ jẹ́ ká ṣírò, torí orí ayélujára ni gbogbo nǹkan ti máa ń mówó wọlé. 50 kílò èèpo, gíráàmù 4 lórí kílò kọ̀ọ̀kan: gíráàmù 200 òróró. Kò kún ìgò Coke kan. Gáàsì tí wọ́n máa fi se omi yẹn ń kọ́? Ọmọ iṣẹ́ tó máa jókòó tì í ń kọ́? Bó bá jẹ́ igi ni wọ́n máa dá, ẹ má tún pè é ní ohun tó dára fún àyíká mọ́, ẹ̀yin ń gé igi nítorí òórùn ọsàn.

OlomiEso_Bodija

Bọ̀dá Ìṣirò, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń bomi tútù síni lọ́kàn o. Ẹ ò purọ́ ṣá. Àmọ́ ta ló tilẹ̀ máa ra gíráàmù 200 yẹn lọ́wọ́ mi?

Olose_Dudu

Èmi ni màá rà á.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kú làákàyè. Ọṣẹ ni mò ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ọṣẹ dúdú àti ọṣẹ funfun. Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀ ń sọ ọ́ bí ẹni pé àná ni èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ohun rere lára èèpo. Kí la fi ń ṣe ọṣẹ dúdú? Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, èèpo kòkó tí àwọn àgbẹ̀ ń jù sóko, jánganjàngan ẹyìn. A ó sá a, a ó sun ún di eérú, a ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, a ó máa rọra bu omi sí i. Omi tó bá kán sílẹ̀ la fi ń se àdín títí yóò fi di ọṣẹ. Ṣé ìyẹn kì í ṣe ohun tí ọmọkùnrin yìí ń pè ní kẹ́mísírì?

Nǹkan olóòórùn dídùn tí mo fi ń sí ọṣẹ funfun, Èkó ni mo ti ń rà á, òyìnbó ló ṣe é, owó rẹ̀ sì ń gòkè lójoojúmọ́. Ọṣẹ kì í gba púpọ̀. Gíráàmù 200 tí ọkùnrin oníṣirò yìí ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ọṣẹ tó máa lọ lára rẹ̀ kò kéré. Àmọ́ kó má jẹ́ èyí tí wọ́n fi epo pò o.

KemisiriLasan

Ẹ kú àgbà, mà. Bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́mísírì ni. Ohun tí omi yẹn ń wẹ̀ jáde lára eérú ni pọ́táṣíọ́mù, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ti kòkó sì kún fún un. Pọ́táṣíọ́mù yẹn náà ló ń jẹ́ kí ọṣẹ dúdú rọ̀, tí kì í le bí ọṣẹ tí wọ́n fi sódà ṣe.

Ohun kan ni kí ẹ ṣọ́ra fún níbi òróró ọsàn. Bó bá ti pẹ́, tí afẹ́fẹ́ àti oòrùn ń kàn án, limonene á yí padà di ohun tó ń mú ara yún àwọn mìíràn. Ìgò dúdú ni kí ẹ máa fi rà á, kó kún dé ọrùn, kó wà níbi tó tutù, kó má sì dọ́dún. Ti ọsàn wẹ́wẹ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: èyí tí a fi ọwọ́ fún láìfi oru yọ, bí ẹni tó fi para bá bọ́ sínú oòrùn, ara rẹ̀ lè bó.

OjuLoro

Mo ti ń kà láti òkè, ẹ dárí jì mí bí mo bá já lu ọ̀rọ̀. Kí ló dé tí gbogbo yín ń wo èèpo ilé omi èso nìkan? Ẹ wo àwọn ìyá ọlọ́sàn lẹ́bàá títì. Bíléèdì ni wọ́n fi ń bó ọsàn, awọ òkè tín-ín-rín nìkan ni wọ́n ń bó kúrò, wọ́n ń fi funfun rẹ̀ sílẹ̀ kí oníbàárà lè rí nǹkan dì mú. Bí ohun tí ẹ̀gbọ́n Kẹ́mísírì sọ bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé ohun tó wà nínú bàsíà wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àpò òróró lásán. Funfun tó ní pẹ́kítìn, ẹni tó mu ọsàn ló ń jù ú sí títì.

KemisiriLasan

Mi ò tíì rí i kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ báyìí, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Èèpo ilé omi èso, funfun tó wúwo tó sì kún fún omi ló pọ̀ jù lára rẹ̀. Bí a bá fi kílò kan èèpo bíléèdì wé kílò kan ti ilé omi èso, òróró tó máa jáde lára ti bíléèdì á pọ̀ jù, gáàsì kan náà ni ẹ ó sì fi sè é. Mà, ẹ bá àwọn ọlọ́sàn Bódìjà sọ̀rọ̀. Wọ́n ń dà á nù náà ni. Kí ó ṣáà jẹ́ tọjọ́ yẹn, kí ẹ sì fọ̀ ọ́, torí eruku títì.

IsiroOwo

Ẹ̀n-ẹ́n, ìyẹn ti yí ìṣirò padà díẹ̀. Mo gbà.

Ara_SaoPaulo

Ẹ káàárọ̀ láti Bràsíl. Mi ò sí nídìí ọsàn, kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ São Paulo ni mò ń gbé. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń ta omi ọsàn sókè òkun tó Bràsíl, agbègbè yìí ni púpọ̀ nínú rẹ̀ sì ti ń wá. Bí ẹ bá ń wa mọ́tò gba Matão tàbí Araraquara kọjá lásìkò ìkórè, òórùn ọsàn á bá yín nínú mọ́tò.

Níbí, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdọ̀tí ọsàn. Ẹ̀rọ á gún ara èèpo, omi á fọ òróró kúrò, ẹ̀rọ mìíràn á yí i fíìfíì kí òróró lè yà sọ́tọ̀. Wọ́n á gé èèpo tó kù wẹ́wẹ́, wọ́n á pò ó mọ́ láìmù, ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n fi ń kun ògiri, kí omi inú rẹ̀ lè jáde. Wọ́n á fún un, wọ́n á gbẹ ẹ́, wọ́n á ṣe é ní kóró kóró fún màlúù, ọkọ̀ ojú omi á sì kó o lọ sí Yúróòpù. Omi tí wọ́n fún jáde yẹn náà, bí wọ́n bá ń sè é kó lè ki, wọ́n tún ń gba limonene lára oru rẹ̀. Èèpo kan tún wà tí kì í lọ sọ́dọ̀ màlúù, pẹ́kítìn ni wọ́n fi ń ṣe, ilé iṣẹ́ ńlá kan wà fún un ní Limeira.

Ẹni tó bá ti fi láìmù sí èèpo, kó gbàgbé pẹ́kítìn. Wọn kì í ṣe méjèèjì lórí èèpo kan náà.

Omo_Leeds

Ní ìlú York, ìrìn àjò kékeré sí ọ̀dọ̀ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n James Clark àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní yunifásítì ibẹ̀ fi máíkíróweefù ṣe iṣẹ́ lórí èèpo ọsàn, kí òróró àti pẹ́kítìn lè jáde láìlo ásíìdì tó lágbára. Wọ́n sọ ẹgbẹ́ wọn ní Orange Peel Exploitation Company kí orúkọ náà lè ṣẹ́kù sí OPEC. Ẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, àbí?

IsiroOwo

Ẹ ní kí NEPA mú iná wá ná.

OlomiEso_Bodija

Ẹ má dá wọn lóhùn. Ọ̀rọ̀ pẹ́kítìn ló kù tí mo fẹ́ gbọ́ yékéyéké. Mo rí i lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ohun èlò kéèkì, inú ike kékeré ni, owó rẹ̀ ga. Ṣé mo lè ṣe ìyẹ̀fun yẹn?

KemisiriLasan

Ẹ lè ṣe é. Bóyá ó yẹ kí ẹ ṣe é ni ìbéèrè.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ gé apá funfun wẹ́wẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bọ̀ ọ́ nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ da omi yẹn nù. Ó ń kó ṣúgà àti ìkorò lọ, ó sì ń pa ẹ́ńsáìmù kan tó máa ba pẹ́kítìn jẹ́. Ẹ wá bu omi mìíràn sí i, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i títí bébà tí wọ́n fi ń wọn kíkan yóò fi sọ fún yín pé ó wà láàárín 2 sí 3. Bí ọsàn wẹ́wẹ́ bá wọ́n, ẹ lo sítíríìkì ásíìdì ti àwọn oníkéèkì. Ẹ gbé e sórí iná, kó gbóná tó 80 sí 90°C fún bíi wákàtí kan. Kó má hó kùtùkùtù, kó má sì pẹ́ jù, nítorí pẹ́kítìn ń já wẹ́wẹ́, tó bá sì ti já kò ní mú nǹkan dì mọ́. Ẹ fi aṣọ funfun mímọ́ sẹ́ ẹ. Omi tó jáde yẹn, tó ń fà díẹ̀, pẹ́kítìn ti wà nínú rẹ̀.

Láti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun, ọtí tó lágbára la ń dà sí i, ìlọ́po méjì rẹ̀. Pẹ́kítìn á dì, á léfòó, a ó kó o, a ó fún un, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́.

OmoIlaje

Ògógóró ńkọ́?

KemisiriLasan

Kò lè ṣe é, àbúrò. Ó yẹ kí ọtí inú àpòpọ̀ náà ju ìdajì lọ kí pẹ́kítìn tó dì dáadáa. Bí ọtí inú ògógóró bá jẹ́ 40 nínú 100, bó o da odidi àgbá kan sí i, àpòpọ̀ náà ò ní dé 40 láéláé. Èyí tó jẹ́ 95 la ń lò: ìlọ́po méjì rẹ̀ nínú omi pẹ́kítìn á fún wa ní nǹkan bíi 63.

IsiroOwo

Mo ti mú bírò. Kílò 10 èèpo tútù, ìyẹ̀fun mélòó? Ọtí mélòó?

KemisiriLasan

Kílò 10 tútù, nǹkan bíi kílò 2 ló máa kù bó bá gbẹ. Ní ilé ìdáná, gíráàmù 200 sí 300 pẹ́kítìn ni kí ẹ fọkàn sí. Bí ẹ bá se omi rẹ̀ kù sí lítà 10, lítà 20 ọtí.

IsiroOwo

Lítà 20 sípíríìtì fún ìyẹ̀fun tí kò kún kọ́ọ̀pù mélòó kan. Mo ti ju bírò sílẹ̀.

KemisiriLasan

Àwọn ilé iṣẹ́ ń gba ọtí wọn padà, wọ́n á tún un pọn, wọ́n á tún un lò. Láìṣe bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó máa rí èrè. Fún ẹni tó wà ní Bódìjà, èrò tèmi ni pé kí ẹ má débi ìyẹ̀fun rárá. Omi pẹ́kítìn yẹn fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi ṣe nǹkan. Ẹ dà á sínú jáàmù ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ṣebí ẹ ní ọ̀pẹ̀ òyìnbó nílẹ̀? Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò ní pẹ́kítìn tó pọ̀, ìdí nìyẹn tí jáàmù rẹ̀ fi ń ṣomi. Pẹ́kítìn ọsàn, ṣúgà tó pọ̀ (nǹkan bíi 60 sí 65 nínú 100 jáàmù náà) àti ìkan díẹ̀, á dì gbagidi.

Kí ẹ tó lò ó, ẹ dán an wò: ṣíbí kan omi pẹ́kítìn, ṣíbí mẹ́ta sípíríìtì nínú gíláàsì, ẹ rọra mì ín. Bó bá dì pọ̀ lójú kan, ó dára. Bó bá já wẹ́wẹ́, ẹ tún sè é kó ki díẹ̀ sí i. Ẹ má tọ́ ohun tó wà nínú gíláàsì yẹn wò o, ẹ dà á nù.

OlomiEso_Bodija

Háà! Jáàmù ọ̀pẹ̀ òyìnbó! Mo ti pa á tì torí pé kì í dì. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Èèpo ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà wá ńkọ́, èyí tó ń mú ẹran rọ̀?

KemisiriLasan

Bromelain ni wọ́n ń pè é. Inú igi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ló pọ̀ sí jù, ṣùgbọ́n ó wà nínú èèpo àti àárín rẹ̀ tó le. Ẹ fún un ní tútù, kó má kan iná, torí iná ń pa á. Ẹ fi ra ẹran líle fún nǹkan bíi wákàtí kan kí ẹ tó sè é. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ mọ́jú, ẹran á di ẹ̀kọ. Iṣẹ́ ẹ̀rọ tútù àti yàrá ìwádìí ni sísọ ọ́ di ìyẹ̀fun mímọ́, ẹ fi sílẹ̀. Àwọn aláta àti alásun lè ra omi rẹ̀ tó dì sínú fíríìsà.

Agbe_Ido

Ẹ̀yin ń yọ eléyìí, ẹ ń yọ tọ̀hún. Ní Costa Rica, ní ìparí àwọn ọdún 1990, ilé iṣẹ́ omi ọsàn kan tó ń jẹ́ Del Oro da ẹgbẹ̀rún ọkọ̀ èèpo, tọ́ọ̀nù 12,000, sórí ilẹ̀ tó ti ṣá ní Guanacaste. Ilé iṣẹ́ tó ń bá wọn díje pè wọ́n lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ sì dá iṣẹ́ náà dúró. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì padà síbẹ̀ ní bí ọdún 15 lẹ́yìn náà, igbó kìjikìji ni wọ́n bá. Àkọsílẹ̀ ìwádìí náà jáde ní 2017. Ẹ fi èèpo sílẹ̀ fún ilẹ̀ jàre.

KemisiriLasan

Ilẹ̀ ṣíṣá tí kò sí ilé nítòsí rẹ̀ nìyẹn, sà. Bí ẹ bá kó o jọ ní Bódìjà, omi tó máa jẹrà jáde lára rẹ̀ á wọ kànga ẹlòmíràn. Èyí tí a ti yọ òróró àti pẹ́kítìn rẹ̀ ni kó lọ sóko.

Olosin_Ewure

Èyí tí wọ́n ti sè, ṣé ewúrẹ́ ń jẹ ẹ́?

KemisiriLasan

Wọ́n ń jẹ ẹ́. Ẹ fún omi rẹ̀ kúrò, ẹ sá a kó gbẹ kó má búuù, kí ẹ fi lára oúnjẹ wọn. Kó má jẹ́ òun nìkan ni oúnjẹ.

Olose_Dudu

Olómièso, bí o bá ti rí òróró àkọ́kọ́, kí o fi iye kékeré ránṣẹ́ kí n fi ṣe ọṣẹ díẹ̀ ná. Mi ò ní san owó ìgò ńlá kí n tó mọ̀ bóyá òórùn rẹ̀ dúró lẹ́yìn tí ọṣẹ bá gbẹ. Òórùn ọsàn kì í pẹ́ kó tó lọ, mo ti rí èyí tí òyìnbó ṣe tí kò lo oṣù kan. Bí kò bá dúró, a ó pò ó mọ́ ewé tii, ìyẹn ń dì í mú díẹ̀.

OlomiEso_Bodija

Mo gbọ́, mà. Ẹ ṣeun púpọ̀. Jáàmù náà, mo mọ̀ pé mo ní láti gba nọ́ńbà NAFDAC kí n tó gbé e jáde fún títà.

Omo_Leeds

Ẹ kọ́kọ́ ya NIHORT, ilé ìwádìí ìjọba tó wà ní Ìdí-Ìṣin, kò jìnnà sí yín. Èso àti ẹ̀fọ́ ni iṣẹ́ wọn láti 1975. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba lórí iṣẹ́ ilé iṣẹ́, tó wà ní Òṣòdì, náà máa ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ kékeré.

OlomiEso_Bodija

Ìbéèrè kan ló kù. Omi kíkan tó bá ṣẹ́kù lára pẹ́kítìn, èyí tí mi ò lò, ṣé gọ́tà ni kí n dà á sí?

KemisiriLasan

Rárá, mà. Ẹ bu omi eérú ìyá ọlọ́ṣẹ sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa fi bébà wò ó, títí yóò fi dé nǹkan bíi 7. Kíkan rẹ̀ á ti kú nígbà yẹn. Ẹ fi omi púpọ̀ là á, kí ẹ sì dà á sí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Pọ́táṣíọ́mù inú eérú yẹn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wá a.